Wákàtí Kan Nínú Ààfin Dígí

Ọ̀gá Àgbà ọgbà ẹranko kò ga. Bí a bá sì yọ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kúrò, kò ga rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ wọ ilé, ó máa ń tẹrí ba lábẹ́ àtẹ́rígbà bí ẹni tí igi fẹ́ gbá níwájú orí. Akọ̀wé rẹ̀, tí ó ga jù ú lọ dáadáa, máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, yóò sì tẹrí ba jù ú lọ. Síbẹ̀ igi a máa gbá Akọ̀wé, nítorí ojú Ọ̀gá ni ó máa ń wò, kì í wo ọ̀nà.

Oyè tí ọkùnrin yìí fi jẹ ara rẹ̀ kò gbà tán sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ṣẹ́ kọ́nà bọ́ sára ògiri. Olùdarí Àgbà Pátápátá, Alábòójútó Ẹranko, Ẹyẹ, àti Ohunkóhun Tí Ó Bá Ń Mí Nínú Ọgbà Yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ka ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rí i pé àwọn náà wà níbẹ̀.

Ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, ó kọ ìwé sí kìnnìún pé kí ó wá ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń sùn lákòókò iṣẹ́. Olùtọ́jú kìnnìún ló bá kìnnìún fèsì. Ó ní olúwarẹ̀ ti kábàámọ̀. Ní oṣù kejì, Ọ̀gá ní kò bójú mu kí ẹranko kankan máa wo Olùdarí láti òkè, ni wọ́n bá kan pèpéle gíga kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé àgùnfọn, kí ó lè máa gùn ún bí ó bá ń kọjá. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gùn ún, àgùnfọn rò pé oúnjẹ ni wọ́n gbé síbẹ̀, ó sì fi ahọ́n lá a ní àtàrí. Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹranko náà kí Ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀rín ni gbogbo ìyẹn. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí ojú Ọ̀gá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ẹranko kéékèèké ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Obìnrin kan ló ń tọ́jú wọn. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nínú ọgbà náà, àpá eyín ẹranko sì kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá Kéékèèké ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn jù lọ jẹ́ mẹ́sàn-án, wọ́n kó wọn wá láti ilẹ̀ oníyanrìn lókèèrè. Ẹni tí kò bá rí wọn rí lè rò pé òkété tí ó kàwé ni wọ́n. Orúkọ wọn nínú ìwé gùn, ó sì ń lọ́ ènìyàn lẹ́nu, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ sọ wọ́n ní adúróṣọ́. Bí àwọn yòókù bá ń wá kòkòrò jẹ, ọ̀kan nínú wọn yóò nà ró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ méjì, yóò máa wojú ọ̀run bóyá àṣá ń bọ̀. Bí àṣá bá yọ, yóò ké, gbogbo wọn yóò sì já sínú ihò. Inú ihò ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí. Adúróṣọ́ tí kò ní ihò dà bí ẹni tí wọ́n tẹ́ ẹní fún ní àárín títì.

Olórí wọn jẹ́ abo. Ìyàwó ni Ìyá Kéékèèké ń pè é, ó sì ti lóyún. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n kó wọn sínú àgò onírin fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n lè kun ògiri ilé wọn, Ìyàwó sì bímọ sínú àgò náà lójú gbogbo ayé. Kò rí ibi tí yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́ sí. Ó ń fi ẹnu gbé wọn kiri, ó ń gbé wọn kiri, títí wọ́n fi kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Kéékèèké ló sin wọ́n. Kò sọ ibi tí ó sin wọ́n sí fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀gá Àgbà dé síbẹ̀, Akọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn mú gan-an. Erùpẹ̀ àti ihò nìkan ni ó rí. Ó dúró fún odindi ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró de ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti joyè.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà nílé, Ọ̀gá," ni Ìyá Kéékèèké dáhùn. "Oòrùn ti le."

"Ta ló fún wọn láyè?"

Ìyá Kéékèèké wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ọ̀gá fi ìbínú yípo láti lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rì sínú ihò dé orúnkún, bàtà sì dúró sísàlẹ̀. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ sínú ilẹ̀. Kí ó tó rí bàtà náà fà jáde, ẹnìkan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ti yàgbẹ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá ti ní erùpẹ̀ ni ọ̀tá ìlọsíwájú.

Ó pe ìpàdé. Ó ní òun, tàbí kí a sọ bí ó ṣe sọ ọ́, ó ní "àwa" ti pinnu láti kọ́ Ààfin Dígí fún àwọn adúróṣọ́. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jẹ́ dígí, òrùlé yóò jẹ́ dígí, ilẹ̀ yóò jẹ́ táìsì funfun tí ènìyàn lè fi wo ojú. Káfíńtà yóò kan àga kékeré mẹ́sàn-án, wọn yóò kùn wọ́n ní àwọ̀ wúrà. Ní àárín, wọn yóò gbé àwòrán Ọ̀gá kọ́, kí àwọn ẹranko lè mọ ẹni tí wọn yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí ilé oúnjẹ ní irú èrò báyìí kì í wọ orí ènìyàn lásán. Olórí àwọn aṣọ́gbà ní ó wu òun kí òun jẹ́ adúróṣọ́. Akọ̀wé ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń nu omi ojú.

Ìyá Kéékèèké dìde. Ohun mẹ́ta péré ni ó bẹ̀ fún: erùpẹ̀ tí ó jìn tó ìbàdí ènìyàn, ibi ṣíṣókùnkùn tí wọ́n lè sá sí, àti ibòòji. Ó ní Ìyàwó kò ní pẹ́ bímọ.

"Màmá," ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tí ó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "ẹ ti pẹ́ jù nínú erùpẹ̀. Àwa kò bá yín wí. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀dá ń fẹ́? Ìmọ́lẹ̀. Kí ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé? Dígí. Ẹni tó bá kọ dígí, ìmọ́lẹ̀ ló kọ̀, ẹni tó bá sì kọ ìmọ́lẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó kọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí olúwarẹ̀ kọ̀, ìdí nìyẹn tí àtẹ́wọ́ náà fi pẹ́.

"Ọ̀gá, wọn yóò máa fi èékánná họ táìsì yẹn títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀."

"Ẹ má fòyà. Irú èyí tí a rà kì í ní àpá."

Dókítà ẹranko wà níjókòó. Lánàá òde yìí ló sọ fún Ìyá Kéékèèké pé òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí ó wí. Báyìí, ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Dókítà mọ òwe náà. Ṣùgbọ́n ó mọ oṣù tí wọn yóò fún un ní ìgbéga pẹ̀lú.

Wọ́n kọ́ ààfin náà láàárín ọjọ́ méjìdínlógún.

Ṣùgbọ́n ìlànà àtijọ́ kan wà nínú ọgbà náà tí Ọ̀gá kò tíì rí àyè pa rẹ́. Ilé tuntun kankan kì í gba ẹranko àfi tí ènìyàn kan bá kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ilẹ̀kùn ní títì, láìmú ohun tí ẹranko kò ní ní dání. Bí onítọ̀hún bá jáde, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, Ó yẹ tàbí Kò yẹ, yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá jókòó nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ìjókòó ni wọ́n ń pè é. Kò sí ilé tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ tí kò gba ìjókòó. Olùtọ́jú kìnnìún ṣe tirẹ̀, ó sùn lọ, ó ní ó yẹ.

Ìyá Kéékèèké wọ Ààfin Dígí ní ọ̀sán. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó kan ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i, ó jáde, ó kọ Kò yẹ, ó sì lọ fún àwọn ẹranko rẹ̀ lómi.

Ọ̀ràn dé. Mínísítà ló ń bọ̀ wá ṣí ààfin náà, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí ìwé ìjókòó tí ó ní Ó yẹ. Akọ̀wé wá bá Ìyá Kéékèèké níbi tí ó ti ń gé ẹyin sísè fún Ìyàwó.

"Ìyá, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i. Kí ló le níbẹ̀? Èmi ń fọwọ́ sí ohun tí n kò kà lójoojúmọ́."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀gá ní bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, kí ẹ máa lọ sílé."

Ìyá Kéékèèké gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ilé tí Akọ̀wé ń wí yìí, yàrá kan ni, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ó ń retí rẹ̀. "Bí mo bá lọ sílé," ni ó wí, "ta ni yóò jókòó?"

Akọ̀wé ronú kan olórí ilé oúnjẹ. Àyà ń já a bí ilẹ̀kùn bá tì. Ó ronú kan Dókítà. Dókítà ti gba ìsinmi àìsàn láti àná. Ó ronú kan ara rẹ̀, ó sì yára pa dà sọ́dọ̀ Ọ̀gá.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi mì. "Wákàtí kan? Ìkíni nìkan nínú ọ̀rọ̀ wa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó ní òun ni yóò jókòó, lójú Mínísítà, lójú gbogbo ayé, òun yóò sì máa sọ̀rọ̀ bọ̀ láti inú dígí. Ó ní ọ̀sán gangan ló dára jù, kí ààfin lè máa dán. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa pàtẹ́wọ́ nígbàkúùgbà tí òun bá dánu dúró. Lẹ́yìn náà ó na kọ́kọ́rọ́ sí Akọ̀wé.

"Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o ṣí ilẹ̀kùn kí wákàtí tó pé, má dá a lóhùn. Bí àwa fúnra wa bá ní kí o ṣí i, má ṣí i. O mọ̀ pé onírẹ̀lẹ̀ ni wá. Ó lè ṣe wá bíi pé ìyìn náà ti pọ̀ jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Akọ̀wé wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, obìnrin kúkurú kan tí ó wọ awò ojú àti bàtà pẹlẹbẹ, ó jókòó lábẹ́ agboòrùn. Èrò yí ààfin ká. Lábẹ́ igi kan lápá kan, Ìyá Kéékèèké jókòó ti àpótí onígi tí wọ́n kó àwọn adúróṣọ́ mẹ́sàn-án sí. Àṣẹ tí wọ́n pa fún un ni pé bí Ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí ìwé, lójú ẹsẹ̀ ni kí ó kó wọn wọlé. Ikùn Ìyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Ìyá Kéékèèké gbé ọwọ́ lé ìdérí àpótí, kò gbé e kúrò.

Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú kóòtù dúdú, makirofóònù láyà; ó ní ohun àyà kì í ṣe ohun ìdání. Ó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé ti ilẹ̀kùn. Gbohùngbohùn mẹ́rin tí wọ́n gbé síta sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, ẹ̀yin èèyàn tí ẹ kò pàtàkì ṣùgbọ́n tí ẹ wá, ẹ wò wá! Kí ni ẹ rí? Ẹ rí ẹni tí kò ní ohun kankan láti fi pamọ́!"

Àtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ lọ lórí bí wọ́n ṣe bí i. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ ó dánu dúró láti nu òógùn ojú. Àtẹ́wọ́. Ní ìkẹwàá ó bọ́ kóòtù, kò rí ibi tí yóò fi kọ́, ó gbé e sí èjìká. Àtẹ́wọ́. Oòrùn ti dé agbede orí, kò sì sí ihò kan lára dígí náà tí atẹ́gùn lè gbà. Ọ̀gá ló ní ihò máa ń ba ẹwà jẹ́. Ó fẹ́ jókòó. Ó dẹ ara sórí ọ̀kan nínú àwọn àga aláwọ̀ wúrà náà, àga yọ̀ lórí táìsì, Ọ̀gá sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀, ó ń yípo díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé ó dánu dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí èrò láti tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe. Èrò wà ní ẹ̀yìn. Ó yí sápá ọ̀tún. Ọmọ kan ti fi imú lẹ̀ mọ́ dígí níbẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Ní apá òsì, àwọn ọkùnrin méjì ń jiyàn lórí ìpákọ́ rẹ̀, bóyá ó ń pá ni tàbí wọ́n fá a bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó kọ́kọ́ ṣe àkíyèsí pé kò sí ibì kankan nínú Ààfin Dígí tí ènìyàn lè kọ ẹ̀yìn sí.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn nira díẹ̀ láti sọ. Ọ̀gá ti mu ife tíì mẹ́ta láàárọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè já gaara. Ẹ̀dá ni gbogbo wa. Ó wo kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó mọ́lẹ̀ rekete. Ó wo ìkejì, ó wo ẹ̀yìn àwòrán ara rẹ̀. Àwòrán náà ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Akọ̀wé," ni gbohùngbohùn wí, "ṣí ilẹ̀kùn."

Akọ̀wé yíjú sí èrò, ó fi ọwọ́ láyà. "Ìrẹ̀lẹ̀ Ọ̀gá wa nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ gidi.

"Akọ̀wé, mo ní kí o ṣí i."

Ẹ ṣàkíyèsí pé "àwa" ti lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù nínú dígí.

"Ẹ ti sọ pé bí ẹ bá ní ká ṣí i, ká má ṣí i, sà," ni Akọ̀wé dáhùn. Ó gbé ìwé sókè kí Ọ̀gá lè rí i níbi tí ó kọ ọ́ sí.

"Ooru ń mú mi."

Àtẹ́wọ́.

"Ẹ má wò mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ibí yìí kò ṣe é gbé."

Àtẹ́wọ́ díẹ̀. Ó tọ ilẹ̀kùn lọ, ó ń yọ̀, ó ń dìde. Ó fi èékánná họ etí ilẹ̀kùn lókè, ó họ ọ́ nísàlẹ̀. Nígbà tí kò ṣí, ó rọra lọ sí kọ̀rọ̀ tí ó jìnnà jù, ó ká orúnkún rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì fa kóòtù bo orí. Ohun tí gbohùngbohùn ń gbé jáde kò ju mímí lọ, kúkúrú kúkúrú. Àtẹ́wọ́ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ń jẹ gúgúrú dẹ́kun jíjẹ.

Irú mímí yẹn kò ṣàjèjì sí Ìyá Kéékèèké. Ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó lọ bá Akọ̀wé, ó na ọwọ́.

"Ìyá, wákàtí kò tíì pé."

"Mo mọ̀. Mú un wá."

Akọ̀wé wo ojú Ọ̀gá bóyá yóò rí àṣẹ níbẹ̀. Kóòtù ló rí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Ọ̀gá ti joyè, kò sí ojú tí yóò wò. Ọwọ́ rẹ̀ dá pinnu, ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́.

Ìyá Kéékèèké ṣí ilẹ̀kùn bí ó ṣe máa ń ṣí i fún ẹran tí ẹ̀rù ń bà. Kò wo Ọ̀gá lójú. Kò sún mọ́ ọn. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ti tán. Kò sí ẹni tí yóò mú yín. Ẹ máa bọ̀." Kóòtù náà mì. Lẹ́yìn náà ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó la èrò já, ó di ẹ̀yìn ilé oúnjẹ.

Mínísítà yọ awò ojú rẹ̀. "Ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Mọ́kànlélógún, Mà," ni Akọ̀wé wí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Mélòó lẹ lò?"

"Ogún, Mà."

"Wọ́n fi ọ̀kan jù yín lọ."

"Ọ̀gá ni wọ́n," ni Ìyá Kéékèèké dáhùn.

Nígbà tí Ọ̀gá pa dà dé, ó ti wọ kóòtù, ó ti di bọ́tìnnì, ó ti tún di "àwa". Ìwé wà lórí tábìlì níwájú Mínísítà. Akọ̀wé ti fi ọwọ́ dáradára kọ Ó yẹ sí i láti àná. Ìbuwọ́lù nìkan ló kù. Ìyá Kéékèèké ti pa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀.

Ọ̀gá gbé bírò. Ó ní àwa ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Ó ní ilé náà yẹ ẹranko, ó kàn jẹ́ pé kò yẹ ènìyàn ni, ìyàtọ̀ sì wà láàárín àwọn méjèèjì bí ojú bá mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Ó dáa," ni Mínísítà wí. "Ẹ pa dà wọlé nígbà náà. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì kí ẹ tó lè fọwọ́ sí Ó yẹ."

Ọ̀gá wo ilẹ̀kùn dígí. Ó wo oòrùn. A kò rí ọkùnrin náà kí ó yára kọ̀wé bẹ́ẹ̀ rí. Ó fa igi lórí Ó yẹ, ó kọ Kò yẹ, ó fọwọ́ sí i, ó tún fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà.

Kí oṣù tó parí, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò ju òun nìkan lọ. A gbọ́ pé ó ti kọ ìwé sí ara rẹ̀ nítorí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́, pé èsì tí ó gbà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ti Akọ̀wé, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun kò ti fẹ́ràn dígí. Ara Dókítà ti yá.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Mínísítà ní kí wọ́n fọ́ táìsì. Ọkọ̀ erùpẹ̀ mẹ́ta ló wọlé ní ọjọ́ kejì. Wọ́n yọ dígí òrùlé kúrò, wọ́n fi àwọ̀n dípò rẹ̀, olùtọ́jú kìnnìún sì bá wọn gbé ìtì igi ńlá kan wá fún ibòòji. Ìyá Kéékèèké wọlé, ó ṣe ìjókòó tirẹ̀ pé wákàtí kan, ó kọ Ó yẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó gbé àpótí wọn wọlé, ó sì ṣí i. Ìyàwó jáde, ó gbóòórùn ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Kí wọ́n tó ka ọgọ́rùn-ún, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù lókè. Lẹ́yìn náà, ìrù pẹ̀lú wọlé.

Wọn kò rí i fún ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, àfi bí ó bá yọ jáde láti jẹun, tí yóò tún yára wọlé. Àwọn àlejò ń ráhùn pé erùpẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Ìyá Kéékèèké fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó kan: Wọ́n wà nílé. Àwọn kan ka pátákó náà, wọ́n bá ọ̀nà wọn lọ. Àwọn kan jókòó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́, adúróṣọ́ kan kọ́kọ́ gòkè, ó nà ró, ó wo ojú ọ̀run yíká. Ìyàwó tẹ̀ lé e. Ohun kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò ènìyàn lọ, ojú rẹ̀ ṣì lẹ̀, ó ń jà lápá lẹ́sẹ̀. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó wo àwọn tí ó jókòó, ó wo Ìyá Kéékèèké, ó tún wo àwọn tí ó jókòó. Ohun tí ó rí kò wù ú. Ó yí pa dà, ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé.

Ìyá Kéékèèké kò pè é.